Ẹni Tó Máa Ń Kẹ́yìn

"Ẹ máa lọ, mo wà lẹ́yìn."

Ohùn ìyàwó mi nìyẹn lọ́dọọdún, tí ewé bá ti pọ́n, tí ìjọ wa ní ìlú Grayson lókè òkun níbí bá ń gun òkè láti fi kówó jọ fún àwọn tó ní àrùn ọkàn. Òun ló máa ń kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣẹ́kù.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń dúró dè é ní parking lot nísàlẹ̀ òkè. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Aunty ń bọ̀ lẹ́yìn," ni wọ́n wí. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn.

Mo gun òkè lọ wá a. Orí òkúta ni mo ti bá a, ó di àyà mú.

"Ṣé gbogbo wọn ti sọ̀ kalẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Lọ́dún yìí, wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sára T-shirt, wọ́n ní kí n wá ṣíwájú. Mo bi wọ́n pé ta ló máa kẹ́yìn.