Irun Tí Màmá Kọ̀ Láti Parí

"Gbé orí ẹ dúró jẹ́ẹ́, àbí o fẹ́ kí ìlà irun ẹ wọ́ ni?"

Orí mi há sáàárín orúnkún Màmá, etí mi kan lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀ tó ń rùn fún àdí àti ọṣẹ dúdú. Ó fi òòyà la irun mi, ó fi òwú dúdú we é láti ìdí dé ṣóńṣó, ó sì fi eyín já òwú náà: pà! Mo fẹ́ràn dídún òwú yẹn, torí pé ó túmọ̀ sí pé ìrora kan ti parí. Bí mo bá sunkún, á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," á sì tún fà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìkà àgbà!

Màmá kò bá wa tan. Ayálégbé bíi tiwa ni nínú ilé kan ní Ìkòsí, ó sì máa ń dirun fún àwọn ọmọ àdúgbò lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ìhà Mile 12, òórùn tòmátò tó ti rà á bo gbogbo wa, Màmá á sì bú atẹ́gùn náà bí ẹni tó ń bú ọmọ aládùúgbò.

Kò sí orí tí kò ní kí kó tó fi òòyà kàn án. Á kọ́kọ́ bi ọmọ ní oríkì rẹ̀. Èmi ni Àṣàkẹ́. Bó bá ti ní, "Àṣàkẹ́, orí ẹ á gbè ẹ́," inú mi á dùn débi pé n ó gbàgbé ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ni obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí mú ọmọbìnrin kan wá. Ọmọ náà fi díẹ̀ jù mí lọ. Obìnrin náà ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, àwọn fẹ́ rìnrìn àjò nírọ̀lẹ́.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sáré dì í, kó lè fine díẹ̀."

"Kí ni oríkì ẹ?" Màmá bi ọmọ náà.

"Àbẹ̀kẹ́ ni, Ma," obìnrin náà dáhùn kíá.

Màmá kò tilẹ̀ wò ó. Ó tẹ̀ sí ọmọ náà. "Ìwọ ni mo bi."

Ọmọ náà wolẹ̀. "Àyọ̀ká."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ pọ̀ nílé àwọn, òun gbàgbé ni. Màmá kò bá a jiyàn. Ó kí Àyọ̀ká dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó di ìlàjì orí, ó ní òwú ti tán, kí obìnrin náà lọ ra òmíràn wá ní ọjà Kétu, pé èyí tí wọ́n ń tà nítòsí kì í mú irun. Bẹ́ẹ̀ rèé, mo rí ìdì òwú tó fi ìdí jókòó lé. Mo yanu láti sọ̀rọ̀, ó ṣẹ́jú sí mi, mo pa ẹnu mi dé.

Obìnrin náà lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dá a lójú pé kò sí ibi tí ọmọbìnrin tó dirun dé ìlàjì máa gbà lọ. Ibẹ̀ ló ti ṣìṣe.

"Àyọ̀ká, ta ni obìnrin yẹn sí ọ?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ayétòrò ni obìnrin náà ti mú un wá, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun máa fi í sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán l'Ékòó. Àṣé Kùtọnu ni wọ́n ń lọ, láti ibẹ̀ dé Mali. Obìnrin náà ní bí ọmọ náà bá sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyá rẹ̀ máa kú.

"Ìyá ẹ ò ní kú," Màmá wí. "Ṣé o mọ nọ́ńbà ẹ̀ lórí?"

Ó mọ̀ ọ́n. Mo sáré lọ pe Mummy mi látinú ilé; òun ló pe ìyá náà, a sì ń gbọ́ igbe rẹ̀ látinú fóònù. Mummy sáré lọ bá onílé pé kí wọ́n jọ lọ mú ọlọ́pàá wá. Màmá wá fọwọ́ ara rẹ̀ tú gbogbo irun tó ti we.

Obìnrin náà padà dé, ó rí orí ọmọ. "Ah ah! Mama, kí lẹ ti ń ṣe látìgbà tí mo ti lọ? A ti late o!"

"Mo ṣì í ni. Àgbà ti dé."

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ti ń lọ." Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó fà á. Màmá fi orúnkún méjèèjì há èjìká ọmọ náà, ó gbóhùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Ẹ wá wò ó o! Ó fẹ́ mú ọmọ tí irun rẹ̀ rí wúruwùru gba àárín ìgboro! Orí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo ń parí ẹ̀!"

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Mo jókòó nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì gbójú sókè wo ojú Màmá. Ẹ̀rù ń bà á. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba àgbà. Síbẹ̀ kò tú orúnkún rẹ̀ sílẹ̀ títí onílé àti ọlọ́pàá fi dé, tí wọ́n sì mú obìnrin náà lọ.

Ìyá Àyọ̀ká dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ nínú eruku, ó ń pe ara rẹ̀ ní ìyá burúkú. Màmá gbé e dìde. "Kí èèyàn fẹ́ kí ọmọ òun kọ́ṣẹ́ kò burú. Wọ́n tàn yín ni. Ẹni tó bá tún fẹ́ mú ọmọ yín lọ, ẹ bá a débẹ̀, kí ẹ fojú yín rí ibi tí ọmọ máa sùn."

Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ orúkọ ohun tí obìnrin náà ń ṣe. Òwò ẹrú ni, bó tilẹ̀ wọ bàtà gíga tó sì ń pe èèyàn ní Mama. Màmá ti lọ báyìí, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí gan-an. Ògùdù ni mò ń gbé, nínú ẹ́sítéètì tí àwọn ọmọ tí a kò mọ òbí wọn ti ń gbá àgbàlá fún wa. Bí ẹnìkan bá mú ọmọ tuntun dé, tó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, ọmọ náà ni mo máa ń bi ní oríkì rẹ̀, bí Màmá ti máa ń ṣe.

Lóṣù tó kọjá, aládùúgbò mi kan pè mí ní alátojúbọ̀. Mo ní kò burú, Ma. Ọmọdébìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wò mí, mo tún bi í ní oríkì rẹ̀, mo sì dúró kó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn.