Ẹ́ńjìnì Tó Lè Gbé Àgbà Méjì

Rélùwéè ni bàbá mi bá ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ń lọ síbi iṣẹ́ láti Súrùlérè, òun náà ló sì fi ń lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìwáyà lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Kò ráhùn, àmọ́ mo máa ń rí i tó ń fi àkísà nu eruku ara rẹ̀.

Èmi ni mo dábàá pé ká fi ẹ́ńjìnì oníná sí i. Nítòsí ọ́fíìsì mi ní Yábàá, ẹ̀gbọ́n kan wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mú bàbá mi lọ bá a ní ọ̀sán Sátidé kan. Ẹ̀gbọ́n gbé ẹ́ńjìnì kékeré kan sílẹ̀, èyí tí wọ́n ti so mọ́ àárín táyà, pẹ̀lú bátìrì pẹlẹbẹ kan.

"Bàbá, èyí wà nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé kẹ̀kẹ́ yín wá, ọjọ́ náà lẹ máa gùn ún lọ sílé."

Bàbá mi gbé e wò. "Ṣé ó lè gbé àgbà méjì gun afárá Ìjọrá?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin nìkan ló lè gbé, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Èyí tó máa gbé ẹni méjì gun òkè, ẹ́ńjìnì ńlá ni, bátìrì rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ tóbi. Bátìrì kékeré ò lè bọ́ ẹ́ńjìnì ńlá, ṣe ló máa gbóná, tó máa bàjẹ́. A máa ránṣẹ́ sí òkè òkun ni, ọkọ̀ ojú omi ló sì máa gbé e wá."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó wà lọ́kàn bàbá mi. Ó fẹ́ gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kò lè rìn jìnnà mọ́, sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí wọ́n jọ lọ wo Ìdó tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́.

"Ńlá la fẹ́," ni mo wí. Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi dé ìta.

Ẹ́ńjìnì dé, bátìrì ò dé. Wọ́n ní ó wà lórí omi, wọ́n tún ní ó ti dé èbúté. Láàárín ìgbà náà ni mo rí bàbá mi tó ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó ní ọwọ́ òun ló gbọ̀n. Nígbà tó fi orí gbá ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní ìríran tó ti lọ kò ní padà, pé ìyókù ni oògùn tí a óò máa kán sí i máa dáàbò bò.

"Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?" bàbá mi bi í.

"Ẹ má gùn ún mọ́, bàbá."



Lẹ́yìn ìyẹn ni bátìrì tó dé. Ẹ̀gbọ́n wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú ọgbà wa. Bàbá mi ní kí n jẹ́ kí òun jókòó lé e. Mo di kẹ̀kẹ́ mú lápá kan. Bó ṣe fọwọ́ tẹ bọ́tìnì iná rẹ̀ báyìí, kẹ̀kẹ́ fò síwájú. Ó tẹ bíréèkì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó lágbára," ló wí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ wá káríà ẹ̀yìn, ó sì jókòó síbẹ̀. "Ó yá, ìwọ gùn ún."

A dé Ìwáyà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n tí wọ́n sá sóòrùn. Ó wò mí níwájú, ó wo bàbá mi lẹ́yìn, ó sì yé e.

"Mo ti ń retí ẹ."

"Bátìrì ló pẹ́," bàbá mi dáhùn.

Mo ní kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìdó, kí n wá padà wá gbé bàbá mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mi orí. "Kí ni mo fẹ́ máa wò lójú ọ̀nà láìsí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?"

Bí a ò ṣe dé Ìdó nìyẹn. Èmi ni mo ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Títì Yábàá tẹ́jú. N kì í lo ìdajì agbára rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ká ní kékeré la gbé ni, bàbá mi ì bá ti fi ara rẹ̀ gùn ún dé Ìwáyà láìmọye ìgbà kí ojú tó kọ̀ ọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan.

"Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì lọ́jọ́ tá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn," ló wí. "Mo rò pé ó máa dúró dè mí ni."