Àǹtí Tó So Kọ̀ǹpútà Wa Pọ̀

"Ta ló wà nínú tèmi o?"

Ohùn yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Àǹtí tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wa, nítòsí èbúté Warri, kì í pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà mẹ́rin la ní. Ó fi wáyà so wọ́n pọ̀, ó sì fún gbogbo wọn ní orúkọ ẹgbẹ́ kan kí wọ́n lè rí ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú fáìlì tirẹ̀, ó sì ń ṣí i sílẹ̀ fún àwọn yòókù.

"Kò sí ọ̀gá láàárín wọn," ló máa ń wí. "Bí o bá pa tìrẹ, o ti ilẹ̀kùn mọ́ wa nìyẹn."

Lẹ́yìn tí àwọn adigunjalè dá ọkọ̀ wa lọ́nà, tí Ọlọ́run yọ mí, n kò lè kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ńṣe ni àyè mi ní ọ́fíìsì kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀.

"Àbúrò mi, abeg, go house go rest. Tomorrow make you come."

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, ó ti gbé kọ̀ǹpútà mi sí àyè tí òun fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí ní igun, níbi téèyàn ti ń rí ẹni tó ń wọlé.

"Àǹtí, ṣé àwọn yòókù á ṣì rí i?"

"Ẹgbẹ́ kan náà ló wà. Ibi tó jókòó sí kọ́ ló sọ ọ́ di ara wa."

Ó lọ jókòó sí àyè mi àtijọ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn dún, èmi ni mo gbójú sókè. Òun kò wẹ̀yìn.