Ìṣọ̀kan Áfíríkà àti Káfíńtà Agbo Ilé Wa

Ní àárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà funfun sàmì sára ògiri ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó pé wọn yóò wó o, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu gbogbo wa: Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí ń gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ sì ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olórí orílẹ̀-èdè ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ìta gbangba ni. Àwọn tó ti ìlú òyìnbó dé ló kọ́kọ́ ń pè é ní Yunáítẹ́ẹ̀dì Sítéètì ọfù Áfíríkà. Nígbà tó dé ẹnu wa, a sọ ọ́ di Ìṣọ̀kan. Ìtumọ̀ tí a fún un kò le: òyìnbó ló fa ààlà sáàárín wa, bí a bá sì pa ààlà náà rẹ́, ará Èkó àti ará Àkàrà, olú ìlú Góòlù Kóòsì, yóò di ọmọ ilé kan náà. Mo gbà á gbọ́. Títí di òní ni mo ṣì ń bínú pé mo gbà á gbọ́.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé ìwé kékeré kan lẹ́bàá Ẹnu Ọwá, èmi sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ láti tako wíwó ilé. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Ràájì, tó ń ta aṣọ ní Ọjà Balógun, ni alága. Ọlọ́run fún un lẹ́nu. Pẹpẹ tó máa ń dúró lé láti bá èrò sọ̀rọ̀, Kọfí ló kàn án. Káfíńtà ni Kọfí, ayálégbé wa ni, ọmọ Góòlù Kóòsì tó di Gánà lónìí. Mi ò tíì máa lọ sílé ìwé nígbà tó dé agbo ilé wa, inú agbo ilé náà ni wọ́n sì bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí. Kọfí lásán ni àwọn àgbà ń pè é. Àwa ọmọdé nìkan là ń fi bọ̀ọ̀dá kún un.

Bí ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá Ràájì bá ti dé góńgó, yóò fa Kọfí gòkè, yóò gbé ọwọ́ lé e léjìká, yóò ní, "Ọmọ Èkó rèé, ọmọ Àkàrà rèé. Ẹ fi ààlà hàn mí." Èrò á hó yèè. Kọfí á máa rẹ́rìn-ín, á sì máa fi ẹsẹ̀ dán pákó wò bóyá ó ń mì.

Ohun ìjà wa kò ju ọ̀kan lọ: a ò ní kó jáde. Onílé ò ní kó, ayálégbé ò ní kó. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wó ilé kọ́kọ́ wá, gbogbo wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, Kọfí àti ìyàwó rẹ̀ wà láàárín wa, àwọn òṣìṣẹ́ náà sì yí padà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo rò pé a ti borí nìyẹn.

Kò pẹ́ sí i ni ọkùnrin kan wá, tó ní ìjọba ló rán òun. Ó ní ilé wà ní Sùúrùlérè fún àwọn ọmọ onílé bí wọ́n bá fi pẹ̀lẹ́tù kó jáde. Kò dárúkọ ayálégbé rárá.

Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wa, pe ìpàdé. Ní agbo ilé wa, ayálégbé kì í wọ ìpàdé ẹbí. Kì í ṣe ti ìkórìíra. Bẹ́ẹ̀ la bá a. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin láǹfààní láti jókòó níbẹ̀ nítorí pé ọmọ ilé ni mí. Kọfí wà lóde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì tí òun fúnra rẹ̀ kàn, ó ń dúró de ohun tí a máa bá jáde.

Mo kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n jẹ́ kí Kọfí wọlé, torí òrùlé tó bo òun náà là ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Bọ̀ọ̀dá Ràájì ló dá mi lóhùn. Kò bínú. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

"Sàfú, ìpàdé ẹbí nìyí."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ lórí pẹpẹ ńkọ́?"

"Ti Áfíríkà nìyẹn. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ."

Àwọn àgbà mi orí. Bàbá Àgbà ní kí n jókòó. Wọ́n gbà pé kí ẹbí kó lọ sí Sùúrùlérè, kí àwọn ayálégbé wá ibi tí wọ́n bá rí. Nígbà tí mo fi máa jáde, bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Ògiri wa kò nípọn. Kọfí ti gbọ́ ohun gbogbo.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tú pẹpẹ náà, ó fi pákó rẹ̀ kan àpótí tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí. Mo bá a níbẹ̀, mo bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá Kọfí, ṣé Àkàrà lẹ ń padà sí?"

"Tíṣà, Àkàrà kẹ̀? Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?" Ó kan ìṣó méjì sí i. "Bá mi kí Alága."

Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Bí àwọn ayálégbé ṣe lọ tán, tí àwa náà sì kó ẹrù wa, kò sí ẹni tó kù láti jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Wọ́n wó ilé náà. Ìgbà tí a dé Sùúrùlérè la wá mọ̀ pé owó ilé la ó máa san: àwa ọmọ onílé di ayálégbé. Ẹbí tú ká. Bọ̀ọ̀dá Ràájì ń wọ ọkọ̀ lọ sí Balógun lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà rẹ̀ ti bá ẹlòmíràn lọ.

Nígbà tí Góòlù Kóòsì gba òmìnira, Bọ̀ọ̀dá Ràájì gbọ́ ọ lórí rédíò, ó sunkún. Ó ní a gbọ́dọ̀ wá Kọfí rí. A bẹ obìnrin kan nínú ẹbí wa, tó máa ń kó aṣọ lọ sí Àkàrà, pé kó bá wa béèrè rẹ̀. Ó dé, ó ní, "Wọ́n ní Kọfí wo? Wọ́n ní gbogbo ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Jímọ̀ ni Kọfí. Wọ́n ní kí n sọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá Ràájì wo Bàbá Àgbà, Bàbá Àgbà wo ilẹ̀. Nínú ilé wa, tí wọ́n ti ń ki ọmọ tuntun dé orí baba ńlá rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ orúkọ bàbá Kọfí. Ìgbà yẹn ni ohun tí Kọfí sọ níbi àpótí wá yé mi. Kì í ṣe ará Àkàrà rí. Gbogbo ẹni tó bá ti apá ibẹ̀ wá la ń pè bẹ́ẹ̀.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ilé lọ, ìgbìmọ̀ lọ, mi ò sì rí èrè kan tí mo lè tọ́ka sí fún yín. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí ní ìtumọ̀ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, mo sì máa ń sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí a fi ń ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ lórí pẹpẹ bá wa gbé títí, a ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀, kò sì sí ibi tí a ti lè rí i láti bi í mọ́.