Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ni Mo Bi Ọ̀gá Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé gíláàsì Ọ̀gá Jim ní Rush, orí tòmátì ni mo já dànù. Wọ́n ní kí n máa já èéhù, ìyẹn àwọn ọmọ tó máa ń yọ láàárín igi àti ewé. Téèyàn bá fi wọ́n sílẹ̀, ewé ni tòmátì á kàn máa yọ, kò ní so. Èmi tí mo ti dá oko tábà àti oko ata n'Ísẹ́yìn kí n tó tẹ̀lé ọmọ mi wá sí Dublin ní Ireland, mo ní kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi níbẹ̀. Mo já, mo já, mo dé ọ̀dọ̀ ìkan, mo bá ká a lórí kúrò pátápátá. Tòmátì tí wọ́n bá ká lórí kì í ga mọ́. Ọ̀gá Jim wò ó, ó wá wò mí.

"Lámídì," ó ní, "èyí ti fẹ̀yìntì nìyẹn. Jẹ́ kí àwọn yòókù ṣì máa wá síbi iṣẹ́."

Kò pariwo mọ́ mi rí jùyẹn lọ. Á tó bí ọdún mẹ́wàá tó fi jù mí, orí ẹ̀ ti funfun. Kò fẹ́yàwó, òun nìkan ló ń gbé nínú ilé bàbá ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gíláàsì náà. Èmi náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Síkírá, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi tẹ èyí sínú fóònù, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo máa wọ bọ́ọ̀sì láti Swords tí à ń gbé láàárọ̀, èmi àti Ọ̀gá á ṣiṣẹ́ títí ọ̀sán, ọ̀rọ̀ wa ò ní ju "na okùn yẹn sí mi" lọ, ara á sì tù wá.

Okùn yẹn, láti òkè ilé ló ti ń rọ̀ wálẹ̀. Bí tòmátì ṣe ń ga lèèyàn á máa rọra wé e mọ́ ọn. Ìyẹn ò le. Èyí tó le ni títo tòmátì sínú páálí. Bàbá Ọ̀gá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tò ó: ewé kékeré tó rí bí ìràwọ̀ lórí tòmátì gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀, àfi ẹyọ kan ṣoṣo ní igun ọwọ́ ọ̀tún. Èyí ni ìràwọ̀ tiẹ̀ máa wà lókè, kí ẹni tó ń rà á lè rí i pé ewé ẹ̀ ò tíì rọ, pé òní ni wọ́n ká a. Mi ò rí oko mìíràn ní Rush tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nóra ló máa ń bá wa to páálí. Ọmọ àdúgbò ni, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Lọ́dún tí mo dé, lẹ́yìn ààwẹ̀, mo gbé dàbínù wá síbi iṣẹ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ gba dàbínù." Ó ní, "Rárá, o ṣeun, mo ti jẹun." Mo bá dé igbá mi. Nóra fà mí sẹ́yìn.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, tún fi lọ̀ ọ́! Rárá àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ ilé ni. Ìkejì, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti inú ẹ wá. Ìkẹta ni kó o gbọ́."

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Ọ̀gá jẹ ẹ́ títí kóró fi kún ọwọ́ ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín délé. Àbí àwa náà ńkọ́? Àlejò tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kú, ẹ ní kó wá jẹun, á ní kó gba ibi ire.

Ó wá di ọdún kan, àwọn páìpù tó ń gbé omi gbígbóná yí ilé gíláàsì ká dógùn-ún. Ọ̀gá ní òun gbọ́ pé ẹnì kan ń ta àlòkù ní England. Ojú ẹ̀ ò gbé ìrìn jíjìn mọ́, èmi ni màá wakọ̀. Mo ní ṣé kò sí páìpù ní Dublin ni? Nóra ló dá mi lóhùn nígbà tí Ọ̀gá ti jáde.

"Pítà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà nítòsí ibẹ̀. Nígbà tí Pítà lọ ṣiṣẹ́ l'England, bàbá wọn kó gbogbo ilẹ̀ fún Jim. Ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá ni wọ́n sọ̀rọ̀ burúkú síra wọn. Àtìgbà yẹn, wọn ò kíra wọn mọ́. Arúgbó làwọn méjèèjì báyìí o, Lámídì."

Láàárọ̀ ọjọ́ tá a lọ, mo rí i pé Ọ̀gá so táì sábẹ́ ẹ̀wù iṣẹ́ ẹ̀. Bàtà ẹ̀ ń dán. Ó gbé páálí tòmátì kan lé itan. Mo ní kó jẹ́ ká gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó ní wọ́n á tẹ̀. Mi ò bi í léèrè ẹni tó ni ín. A wa ọkọ̀ wọnú ọkọ̀ ojú omi, a já sí ilẹ̀ Wales, a gba àárín òkè àti àgùntàn títí a fi wọ ilẹ̀ England. Ìrọ̀lẹ́ ò tíì lẹ́ tá a ti di páìpù sẹ́yìn ọkọ̀ tán. Ọ̀gá wá ní ká gba inú abúlé kan padà, pé ibẹ̀ rẹwà.

Ó rẹwà lóòótọ́. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró débi pé koríko ń nu ọkọ̀ wa lọ́tùn-ún lósì. Afárá olókùúta kan wà níbẹ̀, tí ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ dúró kí èkejì tó kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ò ga, àwọn òkúta sàréè tó yí i ká ti dagun bí àgbà tó ń tòògbé. Mo wá rí ilé kan tí wọ́n fi koríko bo orí ẹ̀.

"Háà, Ọ̀gá! Nílé wa, wọ́n ní ká ká koríko kúrò lórí ilé, pé ojú ti là."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn olówó ló ń gbé ibẹ̀ yẹn."

Ẹ̀rín tó rín gbẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Lẹ́nu géètì àwọn ilé, wọ́n pàtẹ ẹyin, wọ́n pàtẹ èso ápù, agolo owó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sí ẹni tó ń tà á. Ó rán mi létí ọ̀nà oko wa láyé àtijọ́, tó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ iṣu ló ń sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu. A dé géètì tó gbẹ̀yìn abúlé. Tòmátì ló wà lórí tábìlì ibẹ̀, nínú páálí, gbogbo ìràwọ̀ ẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, àfi ẹyọ kan ní igun ọwọ́ ọ̀tún.

Mo tẹ bíréèkì kí Ọ̀gá tó sọ̀rọ̀.

Ilé gíláàsì kékeré kan wà lẹ́yìn géètì náà. Bàbá arúgbó kan jókòó sínú ẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń so okùn. Èjìká ọ̀tún ẹ̀ rẹlẹ̀ ju tòsì lọ, bí ti Ọ̀gá gẹ́lẹ́.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀ kí wọn ni?"

Ọwọ́ ẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó dì í mú.

"Rárá o. Ọwọ́ ẹ̀ dí. Ọkọ̀ ojú omi á fi wá sílẹ̀."

Ọkọ̀ ojú omi wa, ó ṣì máa pẹ́. Èmi mọ̀, òun náà mọ̀. Mo dúró díẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ dàbínù ni, tó bá jẹ́ tíì ni, mi ò bá tún bi í. Ṣùgbọ́n mo wò ó pé ọ̀rọ̀ ilé ẹni tó jù mí lọ ni, ẹni tó gbà mí síṣẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà ni pé tí àgbà bá ti ní rárá lórí ọ̀rọ̀ ẹbí ẹ̀, ọmọdé kì í dá a padà sí i lẹ́nu. Mo ti jíà, mo wa ọkọ̀ lọ. Ọwọ́ ẹ̀ rọra kúrò lára ilẹ̀kùn.

Páálí yẹn wà lórí itan ẹ̀ títí a fi dé Rush. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú Nóra. Nóra wo páálí, ó wò mí, ó gbé e wọlé.

Ìgbà tá a tún fẹ́ gbin tòmátì tuntun ni ìròyìn dé pé Pítà ti kú. Ọ̀gá nìkan ló lọ ìsìnkú ẹ̀. Nígbà tó dé, mo bá a níbi tó ti ń fọ gíláàsì, torí a máa ń fọ ìdọ̀tí ìgbà òtútù kúrò kí oòrùn lè ráyè wọlé. Mo kí i kú ará fẹ́ra kù. Ó jókòó lórí korobá tó dojú dé.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo bi mí, Lámídì."

Kò fi ìbínú sọ ọ́.

"Mo rò pé wàá tún bi mí."

"Ọ̀gá, ẹ ní rárá ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́."

Ó dìde, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ń fọ gíláàsì lọ. A ò tún sọ ọ́ mọ́. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè fi sùn, torí mi ò ṣe nǹkan tí wọ́n ní kí n má ṣe.

Wọ́n ti ta ilẹ̀ yẹn báyìí, wọ́n ń kọ́lé síbẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Ọ̀gá wà. Èmi àti Síkírá máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wò ó. Mo máa ń ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká jáde síta díẹ̀." Á ní rárá, ibí yìí tẹ́ òun lọ́rùn. Mo tún máa ní, "Oòrùn wà níta o." Á ní òtútù ń bẹ nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ tí Síkírá kọ́kọ́ gbọ́ èyí, ó ní, "Granda, he said no." Mo ní kó fara balẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ó dáa," Ọ̀gá ní, "tó bá jẹ́ pé ìwọ lo fẹ́ lọ." Fìlà ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ látàárọ̀.

Síkírá ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé láti inú ọkọ̀ dé ibi tí Pítà jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó jìn. Mo wo inú yàrá yìí. Kò ju láti orí àga mi yìí dé ẹnu fèrèsé yẹn lọ.