Ikọ́ Ìyàwó Ondrej

Ọmọ àwọn darandaran orí òkè ni Otilia. Àgùntàn ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, irun àgùntàn náà ni wọ́n fi ń hun gbogbo ohun tí èèyàn lè fi bora. Abẹ́ ìbora bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i sí, abẹ́ rẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ara rẹ̀ le koko. Kí ẹlòmíì tó ká apá aṣọ sókè, Otilia á ti fún wàrà àgùntàn mélòó kan, á sì tún ti bú àgbò tó fẹ́ kàn án. Ẹni tó bá sọ fún un nígbà náà pé ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní lè mí délẹ̀, ṣe ló máa fi onítọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́.

Ondrej ló mú un kúrò lórí òkè. Awakọ̀ katakata láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ó gbé koríko wá fún àgùntàn wọn, ó rí Otilia, ó sì gbàgbé láti já koríko sílẹ̀. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó.

Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń sìn nílé Ondrej, àwọn funfun ńlá ọlọ́rùn gígùn tó máa ń pariwo mọ́ àlejò. Tí òtútù bá dé, àwọn obìnrin á jókòó yí tábìlì ká, wọn á máa ya ìyẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á sì máa sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ìyẹ́ yìí ni wọ́n ń kì sínú perina, ìbora tó máa ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Apolonia, ìyá Ondrej, ti ń kó ìyẹ́ tirẹ̀ jọ de ìyàwó ọmọ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Perina tó tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn ga débi pé Otilia ní láti gùn ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú ìyàwó ti wú, imú rẹ̀ ti dí, àyà rẹ̀ sì ń dún fín-ín fín-ín.

"Otilka, ta ló pa ọ́ lẹ́kún?" ni ìyá ọkọ fi orúkọ ìkẹ́ bi í.

"Mi ò sunkún o, Mamka. Ó jọ pé òtútù ló mú mi."

"Òtútù kẹ̀! Lábẹ́ perina tèmi? Ibi táwọn èèyàn ti ń làágùn!"

Kí wá ni wọ́n ṣe? Wọ́n tún gbé perina mìíràn lé e lórí. Apolonia fi ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ pa á láyà, ó fi ìrọ̀rí oníìyẹ́ méjì gbé e lórí sókè kó lè mí dáadáa. Kàkà kó sàn, ṣe ló ń le sí i. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà ní kó sinmi, kó sì máa bora dáadáa. Ìyẹ́ ń gorí ìyẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ń wúkọ́, ìfẹ́ ni gbogbo wọn sì fi ń ṣe é.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà rú Otilia lójú ni pé tó bá jókòó ti Ondrej lórí katakata lóko, kò sóhun tó ń ṣe é. Tí wọ́n bá wọlé, wàhálà dé. Ṣé ilé ni kò gbà á? Ṣé ìyá ọkọ ni? Aládùúgbò kan sì sọ níbi tí wọ́n ti ń ya ìyẹ́, láìrẹ ohùn sílẹ̀:

"Ẹ wo ojú ìyàwó yìí bó ṣe pọ́n. Ẹnì kan wà lórí òkè tó ń sunkún fún."

Láti ọjọ́ náà ni Apolonia ti ń wo Otilia tìfuratìfura. Ó dun Otilia wọra. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ bóyá ara òun mọ ohun tí ọkàn òun kò mọ̀.

Nígbà tó yá, ó gòkè lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ rárá, ikọ́ lọ, ojú mọ́lẹ̀, ó ń jẹun bí ẹni tó ń lá ìdí ìkòkò.

"Ilé yẹn ò bá ọ lára mu," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ondrej ń bọ̀ wá mú ọ lọ́la. Bí ikọ́ yẹn bá tún fi bẹ̀rẹ̀, wàá jókòó tì mí síbí. Mi ò bí ọ fún wọn láti sin."

Ondrej dé tòun ti yìnyín lórí. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláìlápá kan tó wú bùlù-bùlù. Ó fà á mọ́ra, Otilia fi ojú pa mọ́ ọn láyà, àfi háà, ó sín, ó tún sín, ikọ́ sì gbé e.

Ondrej rọra fi í sílẹ̀.

"Otilka, ṣé èmi ni?"

"Mi ò mọ̀. Ondrej, mi ò mọ̀ rárá."

Ìyá Otilia bu ọbẹ̀ kábéèjì fún Ondrej nítorí ọmọ èèyàn ni. Ooru ààrò mú un, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbi tó jìnnà sí ìyàwó rẹ̀ jù lọ. Kò lè jẹ ẹ́ tán. Ó dìde, ó kí ìyá ìyàwó rẹ̀, ó sì jáde. Ìtìjú kò jẹ́ kó rántí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Otilia mú un. Ó ń ta òórùn epo katakata, ó ń ta òórùn Ondrej. Ó bo ojú mọ́ inú aṣọ náà, ó fẹ́ sunkún síbẹ̀. Ikọ́ gbé e ṣánlẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ondrej kò sí níbẹ̀ mọ́, ó ti wà nísàlẹ̀ ọ̀nà.

Otilia sáré jáde, jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó nà síwájú bí ẹni tó di ejò mú.

"Ondrej! Dúró!"

"Má sún mọ́ mi, wàá tún wúkọ́!"

Otilia sọ jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀, ó ti imú bọ ọrùn rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó dúró. Ó tún mí. Kò sí nǹkan.

"Kí ló wà nínú jákẹ́ẹ̀tì yẹn?"

"Ìyẹ́ ni. Mamka ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an fún mi. Kí ló dé?"

Otilia rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ìyẹ́! Ìyẹ́ perina, ìyẹ́ ìrọ̀rí, ìyẹ́ jákẹ́ẹ̀tì! Ohun tó ń mú gbogbo ayé móoru, kí ló dé tó fi ń bá òun jà? Kò yé e síbẹ̀.

"Kì í ṣe ìwọ," ó wí. "Ondrej, kì í ṣe ìwọ. Ta ló wá máa sọ fún Mamka?"

Wọ́n dúró mọ́ra nínú yìnyín, òtútù ń gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ wọ jákẹ́ẹ̀tì náà.