Àwòrán Tí Wọ́n Fi So Yìgì Àdíját

Ẹ má bi mí bóyá mo ti dárí ji Sàkáríyà. N kò tíì dárí jì í.

Aró ẹ̀gbọ́n mi Àdíját ló gbé e dé òkè òkun. Owó àdìrẹ tó ń ṣe l'Ókè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo, ni Sàkáríyà, ọmọ Iléṣà tó ń fẹ́ ẹ sọ́nà, fi lọ kàwé lọ́dún 1963. Kò pẹ́ tó lọ ni wọ́n so yìgì wọn. Àmúdà, àbúrò bàbá Sàkáríyà, ló dúró fún un, wọ́n sì gbé àwòrán rẹ̀ sórí àga ọkọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kó lọ sílé ìyá ọkọ ní Iléṣà, ó gbé àwòrán náà kọ́ sókè ibùsùn, ó ń retí ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ yóò ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

Lẹ́tà ń dé o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń kún inú rẹ̀. Wọ́n ti gbà á síbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń ti sátẹ́láìtì dé àyè tí yóò máa gbé lójú ọ̀run. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ló ń ṣáná. Ẹ̀gbọ́n mi há gbogbo rẹ̀ sórí bíi kéwú. Mo ní ọkùnrin yìí fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

"Iṣẹ́ ọkọ mi ni," ló fi dá mi lóhùn.

Ọdún 1974 ni Sàkáríyà tó dé, tòun ti ìyàwó òyìnbó àti ọmọ méjì. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní fún òyìnbó náà pé, "Àǹtí mi rèé." Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń wolẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n pe èèyàn jọ kí Sàkáríyà wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ya rọ́kẹ́ẹ̀tì sára pátákó: ẹ́ńjìnnì ńlá ló ń gbé e kúrò nílẹ̀, kékeré ló ń mú un délé. Ẹ̀gbọ́n mi dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ńlá yẹn ńkọ́? Kí ló ń dà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti ṣiṣẹ́ tiẹ̀ tán. Á já sínú òkun. Kò sẹ́ni tó ń wá a."

Ẹ̀gbọ́n mi yọ àwòrán náà lábẹ́ ìborùn, ó rọra gbé e ka iwájú Sàkáríyà.

"Ọkùnrin tí wọ́n so yìgì mi mọ́ rèé. Bí ẹ bá rí i lókè ọ̀hún, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti já sókun. Kó má wá mi."